Àtẹ̀jíṣẹ́ ìjọba lórí adójútòfò ìlera: ta ló ń kà á nínú àwa ọ̀dọ́?

Tìmùtìmù24

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Láàárọ̀ àná, aago mẹ́fà ò tíì lù, fóònù mi dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wá gẹ́lẹ́:

"Ijoba n ro gbogbo odo lati foruko sile ninu eto adojutofo ilera ki gbedeke to pe. Ilera loro. Te linki yii."

Mo kà á dé "ilera loro", mo pa á rẹ́, mo kọjú sí ògiri, mo sùn padà. Ó di ọ̀sán kí ọ̀rọ̀ náà tó ta mí lára. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, n kò sì sí nínú ètò ìlera kankan. Bí inú bá run mí lóru òní, ohun tó wà lápò mi náà ni mo máa gbé dé ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, mo lé àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn bí ẹni lé eṣinṣin. Mo bi àwọn mẹ́rin tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló rí i gbà. Ẹnì kan ló kà á dópin, òun náà ò tẹ líǹkì.

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́, ó wá dà bí ẹni ń yín àgbàdo sẹ́yìn igbá. Ṣé àwa ni ò kà á sí ni, àbí àwọn ni ò mọ̀ ọ́n sọ?

Agbóhùn

Ẹ̀rín ń pa mí lọ. "Ijoba n ro gbogbo odo." Odò ni mo kọ́kọ́ kà á sí. Mo ní ó dára, kí gbogbo odò lọ forúkọ sílẹ̀, kò kan tèmi. Àbúrò mi ní odó ni, odó àti ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan tó jókòó tì wá ní rárá, òdo ni wọ́n ń wí, ìyẹn àwa tí owó wa ní báńkì jẹ́ òdo. Ó jọ pé òun ló sún mọ́ ọn jù.

Kọ̀wéránṣẹ́

Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "odo" yẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹyọ kan ń gba lẹ́tà 160 bó bá jẹ́ lẹ́tà tí ẹ̀rọ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lè fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, gbogbo rẹ̀ á yí sí ìlànà mìíràn, 70 péré ló sì máa gbà. Ohun tí à bá fi ránṣẹ́ bí ẹyọ kan á di méjì, á di mẹ́ta, owó rẹ̀ náà á sì máa gun òkè. Ẹ wá fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé owó ò ní bá yín jiyàn lórí odò àti ọ̀dọ́. Á kàn ní kí ẹ yọ àmì kúrò ni.

Ìyẹn gan-an kéré. Kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde, tábìlì márùn-ún ló ń gbà kọjá. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé "Bí ara rẹ ò bá yá, káàdì yìí á sanwó dókítà fún ọ." Tábìlì àkọ́kọ́ ní "dókítà" ò tó, kí n fi "àwọn òṣìṣẹ́ ìlera" sí i. Agbẹjọ́rò ní a ò gbọdọ̀ sọ pé ó máa "sanwó", torí kì í ṣe gbogbo owó ló ń san. Ẹlòmíràn ní orúkọ ọ̀gá àgbà ló yẹ kó ṣíwájú. Ìgbà tó fi máa padà dé ọ̀dọ̀ mi, "Ìjọba ń rọ gbogbo ọ̀dọ́" ló kù níbẹ̀.

Tìmùtìmù24

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé é tí ẹ tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí wọ́n bá yín yọ yẹn gan-an ni ǹ bá kà!

Bàbá_Ìbejì

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ẹni tó ń jókòó wo fídíò fún wákàtí mẹ́ta ò lè sọ pé ìlà méjì gùn jù fún òun. Òótọ́ tí ẹ ò fẹ́ sọ ni pé ara yín le. Èmi náà ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún rí. Lójú mi nígbà náà, àwọn àgbà ni àìsàn wà fún. Kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ tó máa wọ ẹni tí ara rẹ̀ le létí.

Kí wọ́n kúkú ṣe é bí Jámánì ṣe ṣe é láti ọdún 1883, nígbà ayé Bismarck, olórí ìjọba wọn. Òfin ni wọ́n fi mú un. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta, agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan tó kù, ó parí. Wọn ò fi ìwé bẹ ẹnikẹ́ni.

Alágbàṣe_Orí_Ẹ̀rọ

Ẹ kú ọgbọ́n sà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀, kí ẹ má bínú. Owó iṣẹ́ tó ń wọlé déédéé ni òfin Jámánì yẹn rí mú. Àwa tí a ń gbaṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, tí owó ń wọlé lóṣù yìí tí kò ní wọlé lóṣù tó ń bọ̀, ibo ni wọ́n ti fẹ́ yọ ọ́? Òfin nìkan ò tiẹ̀ tó. Nàìjíríà ṣe òfin tuntun lọ́dún 2022, èyí tó gbé NHIA (àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀) dìde rọ́pò NHIS tó wà tẹ́lẹ̀, òfin náà sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà. Ẹ bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá níbẹ̀ léèrè bóyá wọ́n mọ̀ pé dandan ni.

Ẹ tún wo Kẹ́ńyà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni SHA, àjọ adójútòfò ìlera wọn tuntun, gba ipò NHIF, ti àtijọ́. Òṣìṣẹ́ ń san ìdá 2.75 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, wọ́n á bi í ní ìbéèrè nípa ilé àti dúkìá rẹ̀, wọ́n á fi díwọ̀n ohun tó ń wọlé fún un, á sì san ti odidi ọdún. Ó dára. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ tú sí ìgboro nítorí àbádòfin owó orí. Kí ìjọba tó la ẹnu lórí àìsàn, etí ti di. Kì í ṣe pé ara wa le sà. Bí ìjọba bá ti pè wá, owó la máa ń gbọ́.

Bàbá_Ìbejì

Ti owó oṣù yẹn, mo gbà fún ọ. Ti etí dídi, mi ò tíì gbà.

Ẹ̀rù_Líǹkì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti líǹkì, torí òun ni kò jẹ́ kí n forúkọ sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀sẹ̀ méjì kí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí tó dé ọ̀dọ̀ mi, gbájúẹ̀ kan ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́, pé kí n wá gba owó ìrànwọ́. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ki gbedeke to pe" wà nínú méjèèjì. Líǹkì kúkúrú tí kò lórí tí kò nídìí wà nínú méjèèjì. Àwọn méjèèjì ò sọ ẹni tí mo lè pè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbájúẹ̀ pe orúkọ mi, ó sì kọ ọ́ dáadáa.

Àwọn kan náà ló ń kìlọ̀ fún wa lórí rédíò pé ká má tẹ líǹkì tí a ò mọ̀ o.

Ọ̀nà_Jìn

Ohun tó jẹ́ kí ti Gánà wù mí nìyẹn. Láti ọdún 2018, ẹni tó bá fẹ́ sọ káàdì NHIS rẹ̀ (ìyẹn ètò adójútòfò ìlera tiwọn) dọ̀tun lè tẹ *929# lórí fóònù, kódà kó jẹ́ fóònù kékeré tí kì í gbé íntánẹ́ẹ̀tì, á sì sanwó rẹ̀ látorí fóònù náà. Kò sí líǹkì tí èèyàn máa fura sí. Nọ́ńbà tó wọ ẹnu ni, ọ̀rẹ́ lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ nínú ọkọ̀, kò sì ní gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ẹ foríjì mí tí mo pẹ́ dé. Gbogbo yín ń sọ ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí ní kàńtà.

Ọmọkùnrin kan dé ní nǹkan bí aago méjì òru. Ó di ikùn mú nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kò lè nàró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé e wá. Ó yọ káàdì látinú ike tó wà lẹ́yìn fóònù rẹ̀, káàdì náà ń dán, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo forúkọ sílẹ̀ o." Akọ̀wé wò ó nínú ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn mìíràn ló yàn, ní ìkángun kejì ìlú. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun yan nǹkankan! Nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀, ó kan ibì kan tó ní kó yan ilé ìwòsàn. Èyí tó wà lókè pátápátá ló tẹ̀, kó ṣáà lè kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibi tó yàn ni wọ́n á máa san owó ìtọ́jú rẹ̀ fún lóṣooṣù, bóyá ó lọ tàbí kò lọ, àti pé ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó lè kọ ìwé fún un lọ síbòmíràn.

Pàjáwìrì ni tirẹ̀, a gbà á, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bá akọ̀wé fa ọ̀rọ̀ náà, tí òun ká jọ sórí bẹ́ńṣì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́fà wá kí i. Mò ń yí omi tó ń wọ̀ ọ́ lára padà, mo gbọ́ ohun tó ń sọ fún wọn. Kò sọ pé káàdì san owó iṣẹ́ abẹ òun, bẹ́ẹ̀ ó san án o. "Káàdì yẹn, wàhálà ni," ohun tó sọ nìyẹn. Àwọn mẹ́fà gbé e lọ sílé.

Ìpolówó wo ló fẹ́ pa ìyẹn rẹ́?

Kọ̀wéránṣẹ́

Ibi tí wọ́n ti ń yan ilé ìwòsàn yẹn! Nọ́ọ̀sì, ẹ tẹ egbò mi. A sọ ọ́ nípàdé pé kí wọ́n fi àlàyé ìlà kan síbẹ̀. Wọ́n ní á mú kí ìforúkọsílẹ̀ falẹ̀. Iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀ là ń kọ ránṣẹ́ sókè lóṣooṣù. Iye ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí.

Agbóhùn

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ìjọba gba òwe yìí gbọ́ jù. Ti ínṣọ́ránsì, bó bá dénú mi, àbọ̀ náà ló máa ń jẹ́.

Awárí

Ẹ má rò pé àwọn tó lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ̀ ọ́n ṣe. Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba fún ìforúkọsílẹ̀ ínṣọ́ránsì ìlera, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, lẹ́yìn ariwo rẹpẹtẹ. Ìwé tó jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé èèyàn mẹ́fà péré ló rí ìforúkọsílẹ̀ wọn parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mẹ́fà! Ẹ̀rọ ò gbé èrò. Ọdún yẹn náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Colorado (kì í ṣe ìjọba fúnra rẹ̀) gbé ìpolówó jáde tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti dorí kodò sórí àgbá ọtí, pé bí wọ́n bá ṣubú, ínṣọ́ránsì wà. Ìpolówó ọ̀hún lọ káàkiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín in.

Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2014, Obama fúnra rẹ̀ lọ jókòó níwájú aláwàdà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aláwàdà náà ń bú u, òun náà ń bú u padà, ó sì ti ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ bọ àárín rẹ̀. Ìyẹn ṣiṣẹ́, torí ó jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe ẹ̀fẹ̀. Ààrẹ wo ló fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ níbòmíràn? Nígbà tí wọ́n fi máa ti ìlẹ̀kùn ọdún àkọ́kọ́, bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ti yan ètò kan. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ìkànnì ìjọba àpapọ̀ yẹn, àwọn ọmọ ọdún 18 sí 34 kó ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ Massachusetts tó ti ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2006 ti rọra dọ́gbọ́n tiẹ̀ ṣáájú: àwọn Red Sox, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball wọn, ni wọ́n bá da ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n lọ bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù.

Ọmọ_Ogún_Ọdún

Mi ò fẹ́ kí ìjọba wá bá mi ṣe àwàdà o. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè àwọn ọmọ ìgboro kọ àtẹ̀jíṣẹ́, ọjọ́ náà ni mo máa yí nọ́ńbà padà. Wọ́n ṣe fídíò kan níbi tí mò ń gbé, òṣìṣẹ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń jó. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ló fi jó. Kò sọ iye tó jẹ́. Kò sọ bóyá ó kan oògùn ojú tí mò ń rà lóṣooṣù. Kí wọ́n fi àgbà bá mi sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣáà sọ ọ́ kó yé mi.

Bàbá_Ìbejì

Ọmọ yìí, Ọlọ́run á wò ọ́. Èmi àti ìwọ pàdé lónìí.

Ọ̀nà_Jìn

Àsìkò tí wọ́n ń sọ ọ́ náà wà níbẹ̀. Ní Netherlands, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san nǹkankan. Bó bá pé e, ó di dandan kó máa san tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè wà lábẹ́ ètò àwọn òbí rẹ̀ títí tó fi máa pé ọdún 26. Ìjọba mọ ọjọ́ ìbí gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ tó bá bá mi lọ́jọ́ tí nǹkan yí padà fún mi, mo máa kà á. Èyí tí wọ́n da sórí gbogbo odò láago mẹ́fà àárọ̀, ta ló fẹ́ gbé e?

Tìmùtìmù24

Ó dáa, mo fẹ́ gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n Kọ̀wéránṣẹ́, ẹ bá mi kà á bóyá ó wọ 70, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀:

"Tí àìsàn bá dé, ta ló máa sanwó? Pe nọ́ńbà yìí, ọ̀fẹ́ ni."

Kọ̀wéránṣẹ́

57. Ẹ̀rọ ń ka ọ́ sí méjì, lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí "ọ̀fẹ́" fi jẹ́ márùn-ún. Ó ku 13 fún nọ́ńbà fóònù, kò fún rárá. O ò dárúkọ ọ̀gá àgbà, o ò fi "ìlera lọrọ̀" sí i, agbẹjọ́rò náà ò ní rí nǹkan dì mú torí ìbéèrè lo bi í. Ǹ bá ti fún ọ níṣẹ́ bó bá jẹ́ pé mo ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ó dùn létí. Bí ó bá wá pe nọ́ńbà yẹn láago méjì òru ńkọ́? Ta ló ń gbé e?

Ẹ̀rù_Líǹkì

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní nọ́ńbà kankan lọ́wọ́, ẹ pè é kí ẹ wá sọ fún wa.

Tìmùtìmù24

Mo ti pè é. Ìwé ìléwọ́ kan wà lára ògiri níbi iṣẹ́ wa láti ìgbà tí mo ti dé, nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dún títí ó fi já lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Ó bi mí bóyá mo ní àìsàn kan tí mò ń lo oògùn fún, ó sọ iye tí mo máa san, ó ní oṣù kan gbáko máa kọjá kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyẹn, mi ò rí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rí. Ó wá bi mí pé ilé ìwòsàn wo ni mo fẹ́ yàn. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó di ikùn mú yẹn sọ sí mi lọ́kàn, mo ní kó jọ̀ọ́, màá padà pè é lọ́la.

Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí. Mẹ́ta ló wà nítòsí mi. Kí ni kí n wò?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Má lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn ló máa ń dára láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lọ lálẹ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Lọ sí kàńtà, sọ fún wọn pé o fẹ́ yan ibẹ̀ fún káàdì rẹ, kí o bi wọ́n léèrè ẹni tó ń wo aláìsàn lóru òní. Bí wọ́n bá tọ́ka sí dókítà tí ojú rẹ rí, ó dáa. Bí wọ́n bá ní ó ń bọ̀, jókòó fún ìdajì wákàtí kí o wò ó bóyá ó ń bọ̀ lóòótọ́. Béèrè pé ṣé wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀, àbí wọ́n á ní kí o jáde lọ ṣe é níta, torí ibẹ̀ ni owó ti máa ń tún jáde lápò aláìsàn. Bi àwọn tó jókòó náà léèrè. Wọ́n á sọ fún ọ ju akọ̀wé lọ.

Tìmùtìmù24

Sátidé yìí. Agbóhùn, ṣé o máa sìn mí lọ?

Agbóhùn

Bí wọ́n bá ti ń gba odò, mo wà níbẹ̀.